Ẹ Ro Owó Ọkọ̀ Mọ́ Owó Ilé Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Síwèé

Àbúrò, London

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Ìmọ̀ràn ni mo ń tọrọ, ọ̀rọ̀ náà sì kánjú. Yàrá méjì ni mo rí. Ọ̀kan wà ní Zone 2, ìpín ọ̀nà ọkọ̀ tó sún mọ́ àárín ìlú, £950 lóṣù, iná, omi àti íntánẹ́ẹ̀tì ti wà nínú rẹ̀. Ìkejì wà ní Zone 5, tó jìnnà sí àárín ìlú, £720, èmi ni màá máa san iná àti omi. Victoria, ní àárín ìlú, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aago méje àárọ̀ la ń wọlé, aago mẹ́ta ọ̀sán la ń jáde. Ti Zone 5 lọkàn mi ń lọ sí, torí £230 kì í ṣe owó kékeré lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ejẹ́ntì ibẹ̀ ní kí n san dìpọ́síìtì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí n tún fi £150 lé e fún owó ìwé. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí?

Àǹtí, London

Káàbọ̀, àbúrò mi. Má san £150 yẹn rárá. Láti 1 June 2019 ni òfin England ti lé owó ìwé, owó àyẹ̀wò àti gbogbo ọmọ ìyá wọn lọ. Dìpọ́síìtì kò gbọdọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ bí owó ilé ọdún kan kò bá tó £50,000. Bí wọ́n bá ní kí o fi nǹkan sílẹ̀ kí wọ́n má bàa fi yàrá fún ẹlòmíràn, owó ọ̀sẹ̀ kan ni, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ímeèlì ni kí o fi sọ ọ́ fún wọn, má fẹnu lásán sọ ọ́.

Bí o bá ti san dìpọ́síìtì, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ní láti kó o sọ́dọ̀ àjọ tí ìjọba fọwọ́ sí, kí wọ́n sì fún ọ ní ìwé rẹ̀. Béèrè ìwé náà. Nígbà tí mo ń kó kúrò ní yàrá mi àkọ́kọ́, onílé ní mo fi áyọ́ọ̀nù jó kápẹ́ẹ̀tì òun, ó fẹ́ mú £400. Àpá yẹn ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Mo kàn béèrè pé àjọ wo ló kó owó mi sí. Kò kó o síbì kankan. Kóòtù lè ní kí irú onílé bẹ́ẹ̀ san owó náà ní ìlọ́po kan sí mẹ́ta fún ayálégbé, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni owó mi pé sí báǹkì. Àmọ́ o, bí onílé bá ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ, òfin yẹn kò bò ọ́. Mọ èyí kí o tó wọlé.

Ó wá ku ìṣirò. Láti Zone 2, bọ́ọ̀sì lè gbé ọ dé Victoria. £1.75 ni ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026, bí o bá sì bọ́ sínú òmíràn láàárín wákàtí kan, wọn kì í gba owó míì. Ìrìn mẹ́wàá lọ́sẹ̀, £17.50. Bí o tiẹ̀ ń gun bọ́ọ̀sì kiri láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè, £24.70 ni yóò dúró sí. Káàdì kan náà ni kí o máa lò o: bí o bá fi káàdì báǹkì kan ẹ̀rọ láàárọ̀, tí o fi fóònù kàn án nírọ̀lẹ́, èèyàn méjì ni ẹ̀rọ kà ọ́ sí.

Ní ti Zone 5, réluwéè ni. Àǹfààní kan wà fún ọ níbẹ̀. Aago 6:30 sí 9:30 àárọ̀, àti 4:00 sí 7:00 ìrọ̀lẹ́, ni owó ọkọ̀ ń gbé pẹ́ẹ́lí. Ìgbà tí o fi káàdì kan ẹ̀rọ ni wọ́n ń wò. Bí o bá wọ ibùdó ọkọ̀ ṣáájú 6:30, tí o sì wọkọ̀ ní Victoria kí aago mẹ́rin tó lù, owó tó kéré ni wàá máa san ní àlọ àti àbọ̀. Ṣùgbọ́n lọ rin ọ̀nà náà wò ní ọjọ́ iṣẹ́, ní aago tí wàá máa jáde gan-an. Ọ̀sán Sátidé tí ejẹ́ntì ń pe èèyàn wá wo ilé kò lè fi bó ṣe rí hàn ọ́.

Ẹ̀gbọ́n, Essen

Lọ́dọ̀ tiwa ní Jámánì, jíjìn ọ̀nà kì í fi kún owó ọkọ̀. Deutschlandticket, tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù, ni à ń lò: €49 lóṣù ló bẹ̀rẹ̀ sí ní May 2023, ó di €58 ní 2025, ó sì di €63 ní January 2026. Bọ́ọ̀sì, tram àti réluwéè agbègbè káàkiri orílẹ̀-èdè ló ń wọ̀. Má gbé e wọ ICE tàbí IC, àwọn réluwéè ayára tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa gbé Essen, kí n máa ṣiṣẹ́ ní Düsseldorf. Bí èèyàn bá ń bọ̀ níbí, Warmmiete, owó ilé pẹ̀lú owó ìmúlégbóná, ni kó béèrè, nítorí Kaltmiete, owó ilé lásán, kò tíì ka owó ìmúlégbóná. Kaution, ìyẹn dìpọ́síìtì, kò gbọdọ̀ ju Kaltmiete oṣù mẹ́ta lọ, òfin sì gbà kéèyàn pín in san lẹ́ẹ̀mẹta. Onílé tó bá lóun ò ní fún ọ ní Wohnungsgeberbestätigung, ìwé tó fi ń jẹ́rìí pé o ti kó wọlé, sá fún un. Láìsí ìwé yẹn, o ò lè fi àdírẹ́sì rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré lòfin sì fún ọ.

Ìyá Ìbejì, Brampton

Ní Ontario, ní Kánádà níbí, owó oṣù àkọ́kọ́ àti ti oṣù ìkẹyìn ni wọ́n lè gbà. Bí onílé bá ní kí o san dìpọ́síìtì torí nǹkan tó lè bàjẹ́, kò bófin mu. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ni pé: ọdún wo lèèyàn kọ́kọ́ gbé ilé yìí? Bó bá jẹ́ lẹ́yìn 15 November 2018, kò sí òdiwọ̀n fún iye tí onílé lè fi kún owó. Àwọn tó ti wà ṣáájú ọjọ́ yẹn, 2.5% ni òpin wọn ní 2025, 2.1% ní 2026. Ilé tuntun tó ń dán gbinrin lèmi wọ̀. Ọdún kan pé, $1,900 di $2,300, pẹ̀lú àwọn ọmọ méjì lọ́wọ́ mi. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Brampton la kó wá, inú ilé àtijọ́. Láti February 2024, bí mo bá bọ́ láti GO, ọkọ̀ tó ń lọ láti ìlú dé ìlú, sínú TTC, ọkọ̀ inú ìlú Toronto, pẹ̀lú káàdì kan náà, mi ò san owó TTC mọ́, ìyẹn sì dín ìnira kù púpọ̀.

Bọ̀dá, Houston

Mọ́tò lowó ilé kejì níbí. $1.25 ni bọ́ọ̀sì METRO, ṣùgbọ́n ibi tí kò dé pọ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé ilé, ẹ fi ZIP code ibẹ̀, nọ́ńbà àdúgbò náà, béèrè iye tí ìnṣọ́ránsì máa jẹ́. Mọ́tò kan náà, awakọ̀ kan náà, àdírẹ́sì nìkan ló yàtọ̀, owó á sì yí padà.

Àbúrò, London

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo kọ ímeèlì, ejẹ́ntì yọ £150 kúrò, ó sọ dìpọ́síìtì di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Lánàá mo lọ rin ọ̀nà Zone 5. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Bọ́ọ̀sì kankan ò tíì máa lọ. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ibùdó réluwéè fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nínú òkùnkùn, nínú òjò wẹliwẹli. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé ibi iṣẹ́. Nígbà tí mo ro iná, omi àti réluwéè mọ́ ọn, £61 péré lóṣù ló fi dín sí Zone 2 àti bọ́ọ̀sì rẹ̀. Zone 2 ni mo mú. Onílé ò gbé níbẹ̀, mo béèrè. Ọ̀la ni màá gba kọ́kọ́rọ́. Àǹtí, kí ni kí n yà ní fọ́tò?

Àǹtí, London

Gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò, kí o kọ́kọ́ ya kápẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, inú kọ́bọ́ọ̀dù, àti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí ògiri ti máa ń hu ebu. Fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí onílé lórí ímeèlì lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.