Ìṣàn kọ́, ìsún ni

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá “ìṣàn pẹpẹ yìnyín” fún bí yìnyín ńlá tó léfòó létí Antarctica ṣe ń rìn, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo fara mọ́ “pẹpẹ”. Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Pẹpẹ ni ìyá mi ń to àwo sí nílé ìdáná, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ògiri, ìyókù yọ síta. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni yìnyín yìí rí. Ìṣàn ni mi ò lè gbà.

Odò ló ń ṣàn. Bí a bá ní ìṣàn Ọ̀ṣun yí padà, ohun tí yóò wá síni lọ́kàn ni pé òjò ti dé, tàbí pé ẹ̀ẹ̀rùn ti mú. Tó bá tó oṣù mélòó kan, odò á padà sí bó ṣe wà. Yìnyín kò rí bẹ́ẹ̀. Pẹpẹ Ross, tí James Clark Ross rí lọ́dún 1841, fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ilẹ̀ Faransé. Etí rẹ̀ ń lọ síwájú ní nǹkan bíi kìlómítà kan lọ́dún. Kamb, ọ̀kan nínú àwọn yìnyín orí ilẹ̀ tó ń ti ẹ̀yìn wọnú rẹ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá láti nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn. Whillans, aládùúgbò rẹ̀, náà ń dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀. Láti ayé àwọn bàbá ńlá wa ni irú àyípadà yẹn ti ń bọ̀.

Ẹnìkan ní ká lo “wọ́”, bí ejò ṣe ń wọ́. Ó bá yìnyín orí ilẹ̀ mu, torí ikùn rẹ̀ ń ha àpáta. Ṣùgbọ́n pẹpẹ ti kúrò nílẹ̀, orí omi ló wà. Kí ló fẹ́ wọ́ lé? “Yọ́” ńkọ́, bí olè ṣe ń yọ́ wọlé? Rárá o. Yọ́ náà là ń lò nígbà tí yìnyín bá ń di omi.

“Sún” ni tèmi. Ẹ wo bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Èrò ń wọlé, wọ́n ń ní “ẹ sún, ẹ sún”, èjìká ń ti èjìká, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun sì fi ẹsẹ̀ tilẹ̀ kó má baà ṣubú. Òun ló dá gbogbo ìlà yẹn dúró. Bó bá dìde lójijì, gbogbo wọn á sún lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2002 nìyẹn, nígbà tí Larsen B, pẹpẹ mìíràn ní Antarctica, fọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan: àwọn yìnyín orí ilẹ̀ tí pẹpẹ náà ń dì mú tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún ní ìlọ́po ìlọ́po. Ní Pine Island, yìnyín orí ilẹ̀ mìíràn ní Antarctica tó ní pẹpẹ tirẹ̀ níwájú, pẹpẹ kò tíì fọ́ tán, omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kàn ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀ ni. Síbẹ̀ ìsún tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 2.5 lọ́dún láàárín àwọn ọdún 1990 ti tó 4 nígbà tó fi máa di 2009.

Nítorí náà, “ìyára ìsún pẹpẹ yìnyín” ni kí a kọ, kí a sì pe tọlọ́jọ́ pípẹ́ ní “àyípadà ìyára ìsún láti ìran dé ìran”.

Àmì ohùn nìkan ló ń kọ mí lóminú. Ìsun ni ibi tí omi ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀. Bí òǹtẹ̀wé bá yọ àmì orí ìsún, inú omi náà la tún padà sí. Ẹ jẹ́ ká máa fi àmì sí i nígbà gbogbo.