Ẹ jọ̀ọ́, páálí tarot wo ni kí n fi owó mi rà?

Àdùkẹ́ Thamesmead

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí máa bí àwọn kan nínú, ẹ forí jì mí, kẹ́ ẹ sì kà á dópin.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní London níbí, iṣẹ́ òru ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Òyìnbó obìnrin kan tá a jọ máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ máa ń gbé káàdì tarot ẹ̀ dání, ìyẹn káàdì aláwòrán tí wọ́n fi ń woṣẹ́. Tó bá ti di bí aago mẹ́ta òru, tí gbogbo àwọn màmá àti bàbá ti sùn, á tẹ́ áńkáṣífù sórí tábìlì ilé ìdáná, á po káàdì, á ní kí n fa ọ̀kan. Eré ni mo fi ń ṣe títí di alẹ́ ọjọ́ tí mo fa èyí tí wọ́n ń pè ní Idà Mẹ́fà. Obìnrin kan jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, ó fi aṣọ borí, ọmọ kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọkùnrin kan dúró lẹ́yìn wọn tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lọ. Idà mẹ́fà wà lóòró níwájú wọn. Apá kan odò ń ru, apá kejì pa rọ́rọ́. Èèyàn ò lè rí ojú obìnrin náà, ẹ̀yìn ló kọ sí wa.

Ńṣe ni mo bú sẹ́kún. Bí mo ṣe jókòó nìyẹn lọ́jọ́ tí mo gbé ọmọ mi kúrò nílé, tí mi ò bojú wẹ̀yìn, torí mo mọ̀ pé tí mo bá wẹ̀yìn, mi ò ní lọ mọ́. Òyìnbó yẹn ò túmọ̀ nǹkan kan fún mi. Tíṣù ló nà sí mi.

Ó ti kó lọ sí Wales báyìí, èmi náà sì fẹ́ ní tèmi. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, káàdì kún ara ògiri látòkè délẹ̀: olóngbò, áńgẹ́lì, òdòdó, kódà mo rí èyí tí wọ́n ya Ọ̀ṣun àti Ṣàngó sí. Wọ́n kọ tarot sára àwọn kan, wọ́n kọ oracle sára àwọn kan. Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn kì í fi owó ara ẹ̀ ra àkọ́kọ́, àfi kí wọ́n fi ta á lọ́rẹ? Ṣé kí n kúkú ra ti òrìṣà yẹn, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ni mí? Mo ti kọ́kọ́ ra ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní pọ́n-ùn mẹ́fà, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Kò sí ìwé kankan nínú ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí màmá mi gbọ́ o. Sẹ̀lẹ́ ni wọ́n.

Màmá Ìbejì, Leeds

Àdùkẹ́, o kú iṣẹ́ òru o. Jẹ́ kí n ti ibi pọ́n-ùn mẹ́fà yẹn bẹ̀rẹ̀. Mú káàdì kan, fi àtàǹpàkò tẹ etí ẹ̀. Tó bá fẹ́lẹ́ bí ìwé ìpolongo ìbò, tó jẹ́ àmì tí wọ́n ń fi fóònù yà ni wọ́n fi rọ́pò ìwé àlàyé, tí orúkọ tó wà nísàlẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ayédèrú ni. Ẹnì kan jókòó, ó fi ọdún méjì ya àwòrán, ẹlòmíràn wá jí i tẹ̀. Ti àtijọ́ tó o fa lọ́jọ́ yẹn nìkan lọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀: ẹni tó yà á kú ní 1951, nítorí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022, òfin Britain ò dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́ láti tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ò wá ní kí wọ́n fi páálí ọṣẹ tẹ̀ ẹ́ fún ẹ.

Orúkọ ẹni tó yà á ni Pamela Colman Smith. London ni wọ́n bí i sí, Jàmáíkà ló ti lo lára ìgbà èwe ẹ̀. Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ A. E. Waite ló gbé iṣẹ́ fún un, iléeṣẹ́ Rider tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1909. Ó kọ lẹ́tà sí ẹnì kan ní New York lọ́dún yẹn pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ ńlá kan tówó ẹ̀ ò tó nǹkan. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n fi ń fi orúkọ Rider àti Waite pe páálí yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ obìnrin náà. Ó kú sí Cornwall tòun ti gbèsè. Wo igun ìsàlẹ̀ káàdì kọ̀ọ̀kan dáadáa, wàá rí àmì orúkọ ẹ̀ níbẹ̀, ó lọ́ pọ̀ bí ejò kékeré.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí rèé. Páálí àwọn Faransé kan wà tí wọ́n ń pè ní Marseille, ó ti pẹ́ ju tirẹ̀ lọ. Tó o bá fa Idà Mẹ́fà níbẹ̀, idà mẹ́fà lásán lo máa rí. Kò sí ọkọ̀, kò sí ọmọ, kò sí obìnrin. Ohun tó pa ẹ́ lẹ́kún lóru ọjọ́ yẹn, ọwọ́ Pamela ló ti wá. Nítorí náà, tarot tí wọ́n ya èèyàn àti ìṣẹ̀lẹ̀ sára gbogbo káàdì ẹ̀ ni kó o wá.

Ní ti ìyàtọ̀: tarot ní iye. Káàdì 78 ni. 22 jẹ́ àwọn àgbà, bíi Ikú, Oòrùn, Anìkàngbé tó gbé àtùpà dání. 56 tó kù pín sí ilé mẹ́rin, ọ̀pá, ife, idà àti owó, mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Tó o bá ti mọ páálí kan, o ti mọ púpọ̀ nínú àwọn yòókù. Oracle ò ní ilé, kò ní iye. Ẹni tó ṣe é ló mọ bó ṣe fẹ́ kó rí, ogójì lè wà nínú ọ̀kan, kí ọgọ́ta wà nínú òmíràn. Tó o bá kọ́ ti olóngbò, ti áńgẹ́lì ò ní yé ẹ nítorí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn yẹn, ta ló fẹ́ ta mí lọ́rẹ tarot ní Leeds? Ọkọ mi? Èmi fúnra mi ni mo ra tèmi, ọdún kọkànlá rèé, etí gbogbo ẹ̀ ti funfun.

Lànkẹ́ Òjò

Whot ni kẹ́ ẹ rà, ẹ̀gbọ́n. Tí ọ̀rọ̀ ò bá yé yín, ẹ pe general market.

Dékọ́nẹ́ẹ̀sì Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, mi ò ní bú ẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọ, ẹ ka Diutarónómì 18, ẹsẹ 10 sí 12, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá ó ṣì ku ibi téèyàn lè sá gbà. Àmọ́ ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ ẹ nìyí: aago mẹ́ta òru, ìwọ pẹ̀lú àlejò kan, àárò ilé sì ń sọ ẹ́. Ìgbà wo lo bá màmá ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, tí kì í ṣe ti owó?

Ọmọ Awo, Ìbàdàn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Babaláwo ni bàbá mi, èmi ò jogún iṣẹ́ náà tán, ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ tẹ̀ lé wọn tó. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ bi wá, ibi káàdì òrìṣà yẹn ni mo fẹ́ dúró lé.

Láti bí 1440 ní Ìtálì ni wọ́n ti ń fi tarot ṣeré, eré ọwọ́dilẹ̀ ni. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí ará Faransé kan tó ń jẹ́ Court de Gébelin tó kọ ọ́ ní 1781 pé ọgbọ́n Íjíbítì àtijọ́ ló fara sin síbẹ̀. Kò sí ẹ̀rí fún un, ṣùgbọ́n aráyé gbà á. Mi ò fi bú u. Tó bá ń ran Àdùkẹ́ lọ́wọ́ láti sunkún tó yẹ kó sun, ó dáa.

Ifá kì í ṣe àwòrán. Odù 256 ni, mẹ́rìndínlógún jẹ́ ojú odù, ẹsẹ ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí akápò fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ sórí. Ẹni tó wá dá Ifá kì í sọ ohun tó ń dùn ún fún babaláwo. Owó ló máa sọ ọ́ sí, wúyẹ́wúyẹ́, á fi owó náà sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá mi ò mọ ìbéèrè títí ẹsẹ á fi jáde, ẹni tó wá ló máa mọ èyí tó bá a wí níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi, wọ́n á di ibò. Ètò ni. Ẹni tó ya Ọ̀ṣun sórí páálí, tó kọ «ìfẹ́» sábẹ́ ẹ̀, kò sí èyí tó gbé wá nínú ètò yẹn. Ẹ ra tarot tí ń jẹ́ tarot. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ẹnu Ọ̀ṣun, ẹ wá sílé, ẹni tó ń da owó ẹyọ ẹẹ́rìndínlógún kò wọ́n.

Bàbá Tóyìn, Salvador

Mo fara mọ́ Ọmọ Awo dé ìwọ̀n kan. Bahia ní Brazil níbí ni mo ń gbé, ọmọ ibí ni ìyàwó mi. Ìyá ẹ̀ ń da owó ẹyọ, aṣọ funfun, ojúbọ òrìṣà, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Màmá yìí kan náà ló máa ń da káàdì fáwọn aládùúgbò ní ilé ìdáná, kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á máa ṣòfófó. Mo bi wọ́n léèrè rí pé ṣé kò sí ìjà láàárín méjèèjì. Wọ́n ní ìjà báwo, nígbà tí kò sí lórí tábìlì kan náà?

Arẹwà Houston

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ti ṣìṣe sọ tèmi. Ọdún tí mo ra tarot, ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ló wà nílẹ̀. Mo fa káàdì láàárọ̀, kò dáa. Mo tún un fà lọ́sàn-án. Mo tún un fà lálẹ́ títí èyí tó dùn mọ́ mi fi jáde, mo wá fi ìyẹn sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan ni Ilé Gogoro tí àrá ń wó, tí èèyàn ń já bọ́ lójú fèrèsé ẹ̀, jáde sí mi. Mo ní káàdì ló bàjẹ́. Mo ra òmíràn! Nígbà tí ìyẹn náà ò gba tèmi, mo lọ bá obìnrin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní èpè wà lórí mi, kí n mú 300 dọ́là wá. Mo mú un wá. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú.

Nísinsìnyí, káàdì kan láàárọ̀, ìbéèrè kan, mo kọ ọ́ sínú ìwé, ó tán. Mi ò bi í léèrè àìsàn, mi ò bi í léèrè ìwé ìgbélùú. Dókítà àti lọ́yà wà fún ìyẹn.

Nǹkan kan tẹ́nì kan ì bá ti sọ fún mi: tí o bá dé ṣọ́ọ̀bù, ní kí wọ́n fún ẹ ní èyí tí wọ́n ti tú wò. Má wo Ikú, má wo Àwọn Olólùfẹ́, torí gbogbo ayàwòrán ló máa ń lo gbogbo agbára ẹ̀ síbẹ̀. Àwọn kéékèèké ni kó o wò: Owó Márùn-ún, Ife Mẹ́rin, Ọ̀pá Méje. Ibẹ̀ ló ti máa ń rẹ̀ wọ́n. Kó o sì pò ó wò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, ó sì fẹ̀ tó méje. Ọwọ́ mi kéré, ńṣe ni tèmi àkọ́kọ́ máa ń dà sílẹ̀ bí ọsàn.

Àdùkẹ́ Thamesmead

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù lánàá.

Mo gbé oracle kan wò, ó rẹwà, wúrà wà létí ẹ̀. Mo fa mẹ́ta. Ọ̀kan ní kí n gbà gbọ́, ọ̀kan ní kí n fọkàn balẹ̀, ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀. Àǹtí mi kan máa ń fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí WhatsApp wa láràárọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dá a padà. Ọmọ Awo, ti òrìṣà náà wà níbẹ̀, ìrù ẹja ni wọ́n ya mọ́ Ọ̀ṣun nídìí. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Ti Pamela ni mo rà, èyí tó kéré tí ọwọ́ mi ká. Ọmọ mi ti gba ti pọ́n-ùn mẹ́fà, ó ń fi ta Whot, Ikú lórí ẹṣin funfun ni general market.

Àkọ́kọ́ tí mo fà ni Ọ̀pá Mẹ́wàá. Ọkùnrin kan di ọ̀pá mẹ́wàá mọ́ àyà, ó tẹ̀ kòlò, ojú ẹ̀ ti wọnú ẹrù, ilé sì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Bí aláàárù Bódìjà gẹ́lẹ́. Mo wo àtẹ àkókò iṣẹ́ mi ọ̀sẹ̀ yìí, òru márùn-ún léra wọn. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn fún ti Ọjọ́bọ̀.

Dékọ́nẹ́ẹ̀sì, mo pe màmá mi. Wákàtí kan àti ààbọ̀. Mi ò dárúkọ káàdì.

Màmá Ìbejì, Leeds

O káre. Idà Mẹ́fà ńkọ́?

Àdùkẹ́ Thamesmead

Mo yọ ọ́ kúrò, ó wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi.

Màmá Ìbejì, Leeds

Dá a padà síbẹ̀, jàre. 77 ló kù sọ́wọ́ ẹ yẹn, kí lo fẹ́ fi í ṣe?

Àdùkẹ́ Thamesmead

Ó di Sátidé, ẹ̀gbọ́n.