Orúkọ wo ni ká pe ìtàn ìfẹ́ tó ní dírágónì nínú?

Ẹ̀gbọ́n wa ará Iléṣà, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ kí n tó dáhùn. Fún ẹni tí kò bá a: Ẹ̀gbọ́n ní ká pe àwọn ìwé tí òyìnbó ń pè ní romáńtásì, ìyẹn ìtàn ìfẹ́ tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú àwọn oṣó, àwọn ẹ̀dá abàmì àti dírágónì, ní "ìtàn ìfẹ́ ìwin". Wọ́n ní ká pe olólùfẹ́ tí kádàrá so mọ́ ọmọbìnrin inú ìwé náà ní "ọkọ ọ̀run". Wọ́n tún fi kún un pé ìwé ọ̀hún kò yẹ àgbàlagbà. Àbúrò wa tó dá wọn lóhùn ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, ká sáà máa kọ "romáńtásì" lọ. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú gbogbo rẹ̀. Mo sì ń ka àwọn ìwé náà. Mọ́kànlá ni mo kà tán láàárín òjò tó kọjá yìí, lórí fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìrémọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí "ìwin" bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwin ni àwọn àgbà ń pe ẹ̀dá tó ń gbé inú igi ìrókò àti inú igbó dúdú, àlọ́ wa sì kún fún ìwin tó fẹ́ ọmọ ènìyàn. Àmọ́ létí ọmọ òde òní, ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Mo dán an wò. Mo bi àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ mi ní Lágere pé kí ni wọ́n rò pé "ìtàn ìfẹ́ ìwin" jẹ́. Mẹ́ta nínú wọn ní ìtàn ẹni tí ìfẹ́ dà lórí rú ni. Wọn ò jẹ̀bi. Asínwín ni wọ́n ń gbọ́ lójoojúmọ́, ojúlùmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi tú èyí tí wọn ò mọ̀. Orúkọ tí a bá fún irú ìwé kan kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ bú ẹni tó ń kà á.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní ká lo "irúnmọlẹ̀" dípò rẹ̀, nítorí pé Fágúnwà fi í sínú orúkọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1938, èsì mi wà nílẹ̀. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé yẹn sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, "daemons" ló fi rọ́pò irúnmọlẹ̀. Kò lo ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún òrìṣà, lójú tèmi, ó yé e pé ẹ̀dá inú igbó ni Fágúnwà ń wí. Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ńkọ́? Irúnmọlẹ̀ ní ojúbọ, ó ní àwòrò, ó ní ọjọ́ ọdún tirẹ̀. Igba irúnmọlẹ̀ ojùkọ̀tún, igba irúnmọlẹ̀ ojùkòsì, ìwúre là ń fi wọ́n ṣe. Lọ́dọọdún là ń ṣe ọdún Ẹdì ní ìrántí Mọremí, ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Èsìnmìrìn, tó sì fi Olúorogbo ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́ náà. Ta ni yóò dúró ní Ẹnuwá lọ́jọ́ Ẹdì tí yóò sọ pé irú ìtàn dírágónì ni ìyẹn? Ohun tí òyìnbó ń pè ní fántásì ni ayé tí òǹkọ̀wé àti òǹkàwé jọ mọ̀ pé kò sí níbì kan kan, tí wọ́n sì jọ gbà láti gbé inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn ń bọ ò sí nínú àdéhùn yẹn. Bí a bá sọ ọ́ ní irúnmọlẹ̀, ẹ̀sìn ẹlòmíràn la sọ di eré ìdárayá, mi ò sì fẹ́ kí ó ti ọwọ́ àwa olùkọ́ Yorùbá wá.

Ohun tí mo mú wá nìyí: "ìtàn ìfẹ́ ayé àtinúdá". Àtinúdá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, a ti ń lò ó fún ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ gbé jáde láti inú. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé gbogbo ìtàn-àròsọ ló jẹ́ àtinúdá. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ wo ibi tí mo fi ọ̀rọ̀ náà sí: ara "ayé" ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ mú Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974. Ìfẹ́ ló dá lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Àjàní láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ìṣọ̀lá ló ro àwọn ènìyàn náà, ó sì ro ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ìbàdàn ni kò rò. Bí mo bá wọ mọ́tò ní Ifẹ̀ láàárọ̀ yìí, màá dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Nínú àwọn ìwé tí à ń sọ yìí, ilẹ̀, ojú ọ̀run, òfin agbára, àní iye òṣùpá pàápàá, òǹkọ̀wé ló dá gbogbo rẹ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyẹn, ibẹ̀ ló sì yẹ kí orúkọ náà tọ́ka sí.

Ẹ má ṣe gé e kúrú sí "ìfẹ́ ayé" o. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ti ní ìyẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n fi ń pè. Bí ẹnu bá fẹ́ gé e, "ìtàn àtinúdá onífẹ̀ẹ́" ni kí ó gé e sí. Mo sì bẹ gbogbo yín, ẹ fi àmì sí i. Bí ẹ bá kọ "itan ife" lásán ní ìlú yìí, ìtàn Ifẹ̀ ni wọn yóò kà á sí, Odùduwà àti Ọ̀rànmíyàn ni wọn yóò máa wá nínú ìwé tí àwòrán ọmọkùnrin abìyẹ́ wà lára èèpo rẹ̀.

Àbúrò wa, mi ò lòdì sí àyálò. Dírágónì kí ó jẹ́ dírágónì. Bíbélì ti bá wa yá a, ó wà nínú Ìfihàn orí 12, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ "romáńtásì" yàtọ̀. Ní 2024, àwọn aṣàkójọ ọ̀rọ̀ Oxford fi í sí ara àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí wọ́n ní kí aráyé yàn nínú wọn fún ọdún náà, nítorí náà àwọn òyìnbó pàápàá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi etí sí i ni. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n gé, tí wọ́n lẹ orí ọ̀kan mọ́ ìrù ìkejì. Èdè wa kì í sábà bí ọ̀rọ̀ báyẹn. Odindi gbólóhùn la máa ń sọ di orúkọ: asọ̀rọ̀mágbèsì, amóhùnmáwòrán. Ẹni tó bá gbọ́ asọ̀rọ̀mágbèsì rí inú rẹ̀, bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ pé rédíò ni ó ń pè é nílé. Kí ni ẹ rí nínú "romáńtásì"?

Ọ̀rọ̀ "ọkọ ọ̀run" ló dùn mí jù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ìyá wa ń pè bẹ́ẹ̀. Ọkọ ọ̀run ni èyí tí ń wá bá obìnrin lójú àlá, tí kì í jẹ́ kó rí ọkọ ayé fẹ́ tàbí kó rọ́mọ bí. Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà lé e lórí, òru ni wọ́n fi ń gbàdúrà. Ẹ wá fẹ́ fi orúkọ yẹn pe ẹni tí ọmọbìnrin inú ìwé yóò fi ayọ̀ bá lọ?

Àwọn baba wa ti fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún wa, tó dára ju èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ní lọ: àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà, àyànmọ́. Èyí tí o kúnlẹ̀ tí o fẹnu ara rẹ yàn, èyí tí o kúnlẹ̀ tí wọ́n fún ọ, èyí tí wọ́n yàn mọ́ ọ lára. Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ kan ṣoṣo kó àwọn olólùfẹ́ tí kádàrá so pọ̀ yìí pọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe bákan náà. Nínú mọ́kànlá tí mo kà, mẹ́fà ló jẹ́ pé ìdè kádàrá náà kàn já lu ọmọbìnrin ni. Ara rẹ̀ ń gbóná, ọkùnrin náà ń sọ pé "tèmi ni ọ́", ọ̀rọ̀ parí. Kò bi í, kò sì lè kọ̀. Àyànmọ́ nìyẹn, ó sì máa ń sú mi kí n tó dé àárín ìwé, nítorí kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe fún ara wọn mọ́ tí kádàrá kò tíì ṣe. Ṣùgbọ́n méjì wà tí ìdè náà kò lè so àfi tí ọmọbìnrin náà bá gbà á, tó sì mọ ohun tí yóò ná an. Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó lọ, ó jìyà, ó padà wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Àkúnlẹ̀yàn ni. Omi bọ́ lójú mi nídìí ọ̀kan nínú wọn. "Olólùfẹ́ àyànmọ́" àti "olólùfẹ́ àkúnlẹ̀yàn": bí a bá ní ọ̀rọ̀ méjèèjì, òǹkàwé yóò ti mọ irú èyí tó fẹ́ rà kí ó tó ná owó rẹ̀.

"Ọ̀tá-dọkọ" tí àbúrò wa dá fún ìtàn àwọn tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó kúrú, ó sì mú. Bí ọ̀tá náà bá jẹ́ obìnrin, kí ó di "ọ̀tá-daya". Ohun tí inú mi kò dùn sí ni bí ọ̀pọ̀ ìwé náà ṣe ń ṣe é. Ọkùnrin náà ti sun abúlé ọmọbìnrin, ó ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn ìfẹnukonu kan, kò sẹ́ni tó dárúkọ òkú mọ́. Mo ń ronú Mọremí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ka irú rẹ̀. Ọba Ugbò fi í ṣe aya. Ó gbé ààfin rẹ̀, ó mọ àṣírí rẹ̀, pé ènìyàn bíi tiwa ló wà nínú aṣọ koríko tí Ifẹ̀ rò pé ará ọ̀run ló wọ̀ ọ́. Kò gbàgbé ìdí tó fi wá. Ó sá padà wálé, ó ní kí àwọn ará Ifẹ̀ fi òguǹṣọ̀ pàdé àwọn ará Ugbò. Mi ò ní kí gbogbo obìnrin inú ìwé sá padà o. Bí yóò bá dúró, kí òǹkọ̀wé jẹ́ ká rí i bí ó ṣe sunkún àwọn ènìyàn rẹ̀ kí ó tó rẹ́rìn-ín.

Fún èyí tí ìfẹ́ ti ń jó díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n lè ka igba ojú ìwé kí wọ́n tó di ọwọ́ ara wọn mú, mo dá "ìfẹ́ àsèjinná". Ẹ rántí ọbẹ̀ tí wọ́n gbé ka iná jẹ́jẹ́. Irú yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Níbẹ̀ ni mo ti rí obìnrin tí agbára rẹ̀ ń dàgbà, tó ń ṣèṣì, tó ń tọrọ àforíjì, àti ọkùnrin tó kọ́ láti gbọ́ràn. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ní kí ọmọ ilé-ìwé má ka gbogbo wọn, mo wà lẹ́yìn yín, nítorí ọ̀rọ̀ iyàrá pọ̀ nínú àwọn kan. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà? Ọmọ ọdún 51 ni mí, mo sì kọ́ ohun kan níbẹ̀ nípa bí a ṣe ń bi ènìyàn léèrè kí a tó fẹ́ ẹ.

Ẹ bá mi ṣe é báyìí: ẹ mú "ìtàn ìfẹ́ ayé àtinúdá" lọ bi àwọn ọmọ mẹ́rin ní Iléṣà, kí ẹ má ṣàlàyé fún wọn rárá, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí wa. Èmi náà ń padà sí Lágere lọ́jọ́ Sátidé.