Eyín iwájú mi tó kán, àti èjí tí mi ò jẹ́ kí wọ́n dí

Aránṣọ Lágéré

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, eyín ni mo sì fi ń já òwú. Sísọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì wà lára aṣọ, ẹnu ló sún mọ́ òwú jù.

Eyín iwájú lókè, ti apá òsì, ni mo máa ń lò. Akokoro ti bá a jà rí, wọ́n ti dí ihò rẹ̀, mo sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ kan tí à ń sáré parí aṣọ ẹbí, mo fi já òwú tó ki, mo gbọ́ “kẹ́!” Mo rò pé bọ́tìnnì ló wọ̀ mí lẹ́nu. Mo tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, ìdajì eyín mi ni mo rí, pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja.

Ó dùn mí dọ́kàn. Èjí ni mo ní, ara ìyá mi ni mo ti mú un, òun ni gbogbo àdúgbò fi ń mọ̀ mí láti kékeré. Bí eyín bá wá kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjí, èjí ọ̀hún ti di àlàfo lásán nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ọwọ́ bo ẹnu bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Bí mo bá pe “Ifẹ̀”, atẹ́gùn ni yóò fọn jáde.

Àwọn kan ní kí n lọ yọ ìyókù dànù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé mi ò gbọ́. Dókítà eyín tó yẹ̀ mí wò ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi hàn mí pé gbòǹgbò rẹ̀ ṣì dúró digbí nínú egungun. Ó ní ibi tí gbòǹgbò bá ti le, kíráùn ló kàn, ìyẹn adé tí wọ́n ń fi bo eyín. Wọ́n kọ́kọ́ fọ inú gbòǹgbò náà, wọ́n dí i, wọ́n ri òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn, wọ́n sì mọ èyí tó kù lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fá ara rẹ̀ yípo, bíi mìlímítà kan sí méjì, kí adé náà má baà ki ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ló dùn mí. Ariwo ẹ̀rọ ló kù tí mò ń gbọ́.

Wọ́n po nǹkan kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná sínú àwo kékeré kan, wọ́n gbé e wọ̀ mí lẹ́nu títí ó fi dì bíi rọ́bà. Ojú eyín mi wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe yọ ọ́, òun ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń mọ eyín. Wọ́n fi eyín oníke dè mí fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí. Wọ́n kó eyín kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi jáde láti fi wé tèmi, dókítà sì fẹ́ yàn án lábẹ́ iná. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká lọ sójú fèrèsé.” Mi ò jẹ́ yan òwú lábẹ́ gílóòbù. Èyí tó bá aṣọ mu nínú ṣọ́ọ̀bù lè yàtọ̀ pátápátá tí ẹ bá gbé e dé ìta. Ó gbà fún mi, èyí tí a sì mú lójú fèrèsé kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ mú. Torí pé iwájú ni, ó ní ká lo zirconia, irú tánganran líle kan tí kò ní irin nínú, pé èyí tó ní irin nínú, tí tánganran bò lóde, lè fi ìlà dúdú hàn létí ìdí eyín tó bá yá.

Ọjọ́ tí adé dé, ó ń dán, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti mú un fẹ̀ títí ó fi kan ìkejì rẹ̀. Wọ́n ti dí èjí mi! Wọ́n rò pé àlàfo náà wà lára àbùkù tí mo wá tún ṣe. Mo wo dígí, omi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Dókítà, ẹ má bínú, èyí kì í ṣe ẹnu mi.” Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn ò tíì fi símẹ́ńtì eyín lẹ̀ ẹ́. Wọ́n dá a padà, ọ̀sẹ̀ kan sí i, èjí mi dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èjí, ẹ tètè sọ ọ́, ẹ mú fọ́tò tẹ́ ẹ ti rẹ́rìn-ín dání. Èmi ò sọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé wọ́n á mọ̀.

Lọ́jọ́ ìlẹ̀mọ́, wọ́n ní kí n gé pépà búlúù jẹ. Ibi tí àwọ̀ bá ti pọ̀ jù lára adé, wọ́n á fá a díẹ̀. Sísọ́ọ̀sì kékeré wà lọ́rùn mi báyìí, mo fi okùn so ó kọ́.

Tíṣà Ìjẹ̀ṣà

Ẹ kú oríire, mà. Ẹ̀yìn ẹnu ni tèmi, ní Iléṣà. Egungun ẹran ló fọ́ eyín ìsàlẹ̀ kan mọ́ mi lẹ́nu níbi tí mo ti ń jẹ iyán, wọ́n sì yọ ọ́. Mo ní ta ló máa rí i, mo fi í sílẹ̀ fọ́dún mẹ́rin. Mi ò mọ̀ pé ńṣe ni eyín ń fẹ̀yìn ti ara wọn. Èyí tó wà lẹ́yìn wọ́ sínú àlàfo náà, tòkè sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

Ọkùnrin kan tó ń gbé àpótí kiri ló bá ní òun á fi eyín sí i láàárín wákàtí kan, owó díẹ̀. Ó po ohun lẹ́búlẹ́bú kan mọ́ omi kan, ó rẹ́ ẹ mọ́ eyín ọ̀tún àti tòsì, ó sì gbóná mọ́ mi lẹ́nu bó ṣe ń dì. Oṣù márùn-ún kò pé tí ìyàwó mi fi rọra sọ fún mi pé ẹnu mi ń rùn. Búrọ́ọ̀ṣì ò lè débẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gé e kúrò nílé ìwòsàn, eyín tó wà níwájú rẹ̀, tí nǹkan kan ò ṣe tẹ́lẹ̀, ti dúdú bí èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń dùn mí títí dòní. Ifẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà eyín ní OAU, mọ́tò kan péré ni láti Iléṣà.

Bíríìjì ni wọ́n ṣe fún mi níkẹyìn: adé méjì lórí eyín méjèèjì, ìkẹta so mọ́ wọn láàárín, kò ní gbòǹgbò. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: wọ́n ní láti fá eyín méjì kí ẹyọ kan tó dúró. Bí méjèèjì bá le, tí kò sí ohun tó ṣe wọ́n, ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa èyí tí wọ́n ń rì mọ́ egungun, tàbí èyí tí a ń yọ lálẹ́. Alaalẹ́ ni mò ń ti búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín gba abẹ́ eyín àárín yẹn.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́

Bàbá dúdú ló fa kíráùn mi yọ lóṣù tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ti mú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà dání, mo ní rárá o. Mo fi omi ṣan án, mo gbé e sínú ìgò òògùn, ó di ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, kò tíì bàjẹ́, wọ́n fi símẹ́ńtì tuntun lẹ̀ ẹ́ padà. Àǹtí aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò èjí yẹn hàn wá.