Iṣẹ́ abẹ ni àbí abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta fún Bàámi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ Bàámi ló gbé mi wá. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, Ìbàdàn là ń gbé. Láti èṣí ni wọ́n ti ń dìde tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóru, wọ́n á dúró ti ike títí, ìtọ̀ á kàn máa kán tó-tó. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Àgbo ni wọ́n ń mu, àfìgbà tí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n tí wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà mọ́.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀), èyí tí wọ́n ń pè ní PSA, gbé 86 jáde, ó ga gan-an. Wọ́n gé díẹ̀ lára prostate náà lọ yẹ̀ wò: jẹjẹrẹ ni, Gleason 8 (ìwọ̀n bí jẹjẹrẹ náà ṣe le tó, 10 ló ga jù), ó sì ti dé egungun ẹ̀yìn. Dókítà sọ pé iṣẹ́ abẹ prostate kọ́ ló kàn, hòmóònù ọkùnrin tó ń bọ́ jẹjẹrẹ náà ni ká dá dúró. Ká yọ kóró ẹpọ̀n tó ń ṣe hòmóònù náà lẹ́ẹ̀kan, tàbí ká máa gba abẹ́rẹ́ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe.

Mo ti ṣírò owó abẹ́rẹ́, owó ìfẹ̀yìntì wọn ò lè gbé e. Ṣùgbọ́n bí Bàámi ṣe gbọ́ "kóró ẹpọ̀n", wọ́n kọjú sógiri: "Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di òkóbó ni?" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Mo ti rán ẹ̀gbọ́n wọn sí wọn, pàbó ló já sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kojú irú èyí rí, báwo lẹ ṣe bá bàbá yín sọ ọ́ tí wọ́n fi gbà?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣé gan-an ṣáájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má júwe àgbo, a ti mu ún tó.