Mo gba Ìsìláàmù lágbà, ṣé dandan ni kí n dábẹ́?

Àsàláámù àléékúmù ẹ̀yin ará mi, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ìsìláàmù ni, wọn ò sì dábẹ́ fún mi ní kékeré. Áfáà kan ní dandan ni, pé bí àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ti ilé ẹ̀kọ́ Sháfíì àti Hánbálì ṣe gbà á nìyẹn, òmíì ní súnnà ni (ohun tó dáa ká ṣe àmọ́ tí kì í ṣe dandan) lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Màlíkì àti Hánáfì. Wọ́n ní Ànábì Ìbúráhíìmù gan-an ti pé ẹni 80 ọdún kó tó dá tiẹ̀, ẹnu yà mí o! Mi ò sá fún abẹ, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ mi kì í tètè dá, eyín lásán tí mo yọ, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ ni, dókítà sì ní ká ṣì ní sùúrù. Lójú àwọn tó ní dandan ni, ṣé ó ṣì wà lọ́rùn ẹni tí abẹ lè ṣe ní jàǹbá? Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á san yín lẹ́san.