Orin indie tí mo fi han ọ̀rẹ́ mi: ẹ wá sọ tiyín

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ ọmọ Yorùbá fẹ́ràn rọ́ọ̀kì, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń pè ní indie (tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí kò sí lábẹ́ àwọn iléeṣẹ́ orin ńláńlá), ohùn èèyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un gbọ́. Ẹ jẹ́ kí gìtá tó ń pariwo dúró ná. Ohun tí èmi rí nìyẹn, ó sì dá mi lójú.

Ìbàdàn ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí ti jọ dàgbà kó tó wá bá mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Tẹ́nọ̀ ló ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Tí rọ́ọ̀kì bá ti ń dún báyìí, á ní ariwo lásán ni. Mi ò bá a jiyàn. Mo fi "Ambulance" sí i, orin ẹgbẹ́ TV on the Radio láti inú àwo wọn ti ọdún 2004, Desperate Youth, Blood Thirsty Babes. Ẹ lọ gbọ́ ọ tí ẹ ò bá gbọ́ ọ rí. Kò sí gìtá, kò sí ìlù. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe báàsì, ẹnu ni wọ́n fi ń gbè é, ohùn kan wá wà lókè tó ń ṣèlérí fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé òun lòun máa jẹ́ ọkọ̀ tí yóò gbé e nígbà ìjàǹbá. Orin ò tíì dé ìdajì tí ọ̀rẹ́ mi ti wá ohùn tirẹ̀ rí, tó ń bá wọn gbè é nídìí síìnkì.

"Ta lẹni yìí?"

Mo ní Túndé Adébímpé ni. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Mo wá ṣàlàyé fún un: St. Louis ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1975, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀, òun náà sì gbé Nàìjíríà fúngbà díẹ̀ lọ́mọdé. Ní Brooklyn ni òun àti Dave Sitek ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

"Ọmọ wa ló ń kọ eléyìí? Jọ̀ọ́, tún un fi sí i."

Ìgbà yẹn ni mo tó gbé "Wolf Like Me" jáde, ti ọdún 2006. Ìlù ibẹ̀ ń sáré láìsinmi, ó dé àárín, gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó tún gbiná. (Nínú àwo tí orin yìí wà náà ni David Bowie, gbajúgbajà akọrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bá wọn gbè "Province". Mo fẹ́ràn orin yẹn gan-an.) Lẹ́yìn ìyẹn ló kan Bloc Party, ẹgbẹ́ Kele Okereke, ọmọ Igbo tí wọ́n bí ní Liverpool. Bí "Banquet" ṣe bẹ̀rẹ̀, tí gìtá méjì ń dá ara wọn lóhùn, ọ̀rẹ́ mi pariwo, ó ní, "Sunny nìyí!"

Ó yá, ó di tirẹ̀ láti fún mi ní orin. Ó gbé Juju Music ti King Sunny Adé jáde, ti ọdún 1982, ó ní kí n tẹ́tí sí Démọ́lá Adépọ̀jù nìkan, gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ Sunny, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ló fi ohùn tó ń fà lọ gbọọrọ yẹn hàn mí.

*

Èmi tí mò ń dá ẹ lóhùn náà á sọ tèmi. Èkó ni èmi wà. Àbúrò mi ọkùnrin ló fi Radiohead, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, hàn mí, "No Surprises", nínú OK Computer ti ọdún 1997. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn bí orin arẹmọlẹ́kún, agogo kéékèèké ń dún lábẹ́ gìtá. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló le: ẹni tí iṣẹ́ ń pa díẹ̀díẹ̀, tí kò fẹ́ wàhálà kankan mọ́. Mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì. Kò kọ nǹkan kan padà, ńṣe ló pè mí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń ṣe é nìyẹn, ohun tí kò sọ fún mi rí, ilẹ̀ sì ti ṣú gan-an ká tó dákẹ́.

Ó ti ń bèèrè òmíràn báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bloc Party dáadáa, ṣé "This Modern Love" ni kí n fi ránṣẹ́ sí i ni, àbí "So Here We Are"?